Táyà ẹ̀yìn sikúùtà mi ti jẹ tán: ṣé 3.00-10 lè rọ́pò 90/100-10?

Tíṣà Gánmọ̀:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Sikúùtà ni mò ń gùn láti Gánmọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ní Ìdófìàn, ọmọ mi obìnrin a sì máa jókòó sẹ́yìn mi. Àwọn táyà tí ó bá a dé láti ilé iṣẹ́ ni ó ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí di òní. Ti ẹ̀yìn ti jẹ débi pé ojú rẹ̀ ti dán, ṣùgbọ́n ilà ara ti iwájú ṣì jinlẹ̀ dáadáa. 90/100-10 53J ni a kọ sí ara méjèèjì. Ọkùnrin kan tí ó ń ta táyà ní ìgboro Ìlọrin sọ fún mi pé òun kò ní irú rẹ̀, pé 3.00-10 ni kí n rà, nítorí pé yóò wọ rímù náà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó tún ní kí wọ́n fi tíúbù sínú rẹ̀. Ṣé kí n gbà fún un? Ṣé mo sì lè pààrọ̀ ti ẹ̀yìn nìkan? Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí láti máa fi táyà tí ó ti dán gbé ọmọ.

Àláájì Onítáyà:
Tíṣà wa, ẹ má gbà fún un. Pé táyà wọ rímù kò ní kí ó lè ru ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé lé e. Nọ́ńbà 53 yẹn ni ó ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí táyà kan lè gbé, kílò 206 sì ni. J ń sọ pé kò gbọ́dọ̀ sáré ju kìlómítà 100 lọ ní wákàtí kan. Èyí tí a sábà máa ń rí lára 3.00-10 ni 42, kílò 150 péré sì ni ìyẹn. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ sikúùtà wà, ẹ̀yìn náà ni ẹni tí ó ń gùn ún àti ẹni tí ó gbé ń tẹ̀ jù, ìdí nìyẹn tí táyà ẹ̀yìn fi máa ń tètè jẹ. Bí ẹ kò bá rí 90/100-10, 3.50-10 ni kí ẹ béèrè, nítorí pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ó ń sọ bí táyà ṣe fẹ̀ tó, íńṣì mẹ́ta àbọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mìlímítà 90 ti tiyín. Òun ni ọ̀pọ̀ Vespa àtijọ́ ń lò. Síbẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà ẹrù ara rẹ̀, kí ó má ṣe dín sí 53.

Bí táyà yín bá jẹ́ aláìnítíúbù, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Bí ìṣó bá gún un, díẹ̀díẹ̀ ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń jáde, ẹ ó sì ráyè dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ tíúbù ni ìṣó gún, gbogbo afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè tán lẹ́ẹ̀kan náà. Fáàfù tuntun ni kí fọkanáísà fi sí rímù lọ́jọ́ náà, nítorí pé rọ́bà rẹ̀ a máa gbó.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Òótọ́ ni Àláájì sọ. Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọjọ́ orí táyà iwájú kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ó parí ohun tí a kọ tẹ̀lé lẹ́tà DOT ní ẹ̀gbẹ́ táyà: bí ó bá jẹ́ 2217, ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Oòrùn àti ọyẹ́ ilẹ̀ wa a máa gbẹ rọ́bà, táyà tí ilà rẹ̀ jinlẹ̀ sì lè ti gbó tán. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra tòkunbọ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó, pàápàá fún ẹni tí ó ń gbé ọmọ.

Tíṣà Gánmọ̀:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti wò ó: 1416 ni ó wà lára ti iwájú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti ń là wẹ́wẹ́.

Àláájì Onítáyà:
Ẹ pààrọ̀ méjèèjì nígbà náà. Bí ẹ kò bá lè san owó méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ti ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ má sì jẹ́ kí ti iwájú pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé iwájú ni ara sikúùtà máa ń sún sí nígbà tí ẹ bá tẹ bíréékì, bí ó bá sì yọ̀ nínú omi, ó ṣòro láti gbà á padà. Kí fọkanáísà wo ọfà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ó lè dojú rẹ̀ kọ ibi tí táyà ń yí sí. Táyà tuntun a máa yọ̀, nítorí náà ẹ rọra gùn ún fún nǹkan bí kìlómítà 150 àkọ́kọ́, kí ẹ má sì gbé ọmọ sẹ́yìn nígbà tí òjò bá ń rọ̀ láàárín àkókò yẹn. Iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé sikúùtà yín ni kí wọ́n fún un, ní àárọ̀ tí táyà ṣì tutù. Ìwé náà yóò sọ iye tí ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ nígbà tí ẹ bá gbé ènìyàn.