Àkèré ọmọ mi ti funfun bí ẹfun nínú àpótí gíláàsì. Ẹ gbà mí!

Bàbá Mọ́jí, Kubwa:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ àkèré ni mo gbé wá bá yín lónìí. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló kó mi sí i. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé wa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì pọ̀ létí rẹ̀. Nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an, ó rí àwọn àkèré tíńtín lára ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn ò gùn tó ìdajì ìka, ẹsẹ̀ wọn ń lẹ̀ mọ́ ewé bí gọ́ọ̀mù. Ó kó méjì wálé nínú ike áísìkiríìmù. Mégáàdì wa yọjú wò ó, ó ní "kwaɗo", ìyẹn àkèré lédè Haúsá, ó sì fi ẹ̀rín sá lọ.

Èmi náà ti rí fọ́nrán ibi tí àwọn Òyìnbó ti gbin odidi igbó sínú gíláàsì, tí àkèré orí igi ń gbé inú rẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n fi jù mí lọ? Mo gbé àpótí ẹja tó ti ṣófo látìgbà tí ẹja kú, mo ra báàgì ilẹ̀ dúdú kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, mo gbin money plant méjì àti òdòdó pupa kan. Mo bomi rin ín dáadáa, mo fi gíláàsì dé e pa kí wọ́n má bàa fò jáde, mo wá gbé e sójú fèrèsé pálọ̀ kí ewéko lè rí oòrùn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ ò bá wò ó! Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń rùn bíi gọ́tà. Irun funfun bí òwú hù lórí ilẹ̀, òdòdó pupa jẹrà láti ìdí. Àkèré kan kú lọ́jọ́ Àìkú. Èyí tó kù, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí pákó tẹ́lẹ̀, ti funfun bí ẹfun láti ọ̀sán àná. Mọ́jí ò jẹun àárọ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí n da gbogbo rẹ̀ nù kí àlejò má bàa rò pé mo ti ń ṣe ìṣègùn. Ọyẹ́ sì ń bọ̀. Ṣé àrùn ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Lugbe:
Àkèré? Nínú pálọ̀? Bàbá Mọ́jí, nílé bàbá mi, tí wọ́n bá bá àkèré nínú ìgò lọ́wọ́ ẹ, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́ ni pé ta lò ń bá jà.

Tíṣà Bàólójì, Gwarinpa:
Ẹ gbé àpótí yẹn kúrò lójú fèrèsé kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi. Ẹ gbé e báyìí, kí ẹ sì ṣí ìdérí rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ ti gbé e? Ó dáa. Fífunfun yẹn kì í ṣe àrùn. Bí ẹ ṣe júwe rẹ̀, ó jọ ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ ìwé wọn ń jẹ́ Hyperolius. Àwọn kan lára wọn wà ní pápá oko lápá ibí yìí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àkèré mìíràn bá ti wọ ilẹ̀ lọ, ara koríko gbígbẹ ni àwọn ọmọ tiwọn máa ń jókòó sí nínú oòrùn, láìmumi, láìjẹun, títí òjò á fi padà. Ohun tó ń gbà wọ́n là ni awọ ara wọn. Tí ooru bá ti pọ̀ jù, á funfun kí ìtànṣán oòrùn lè ta padà lára wọn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ló ń bá yín sọ. Ó ní ooru ń pa òun. Gíláàsì tí a dé pa, tí oòrùn wá ń ràn sí, ààrò ni. Èyí tó kú yẹn, bóyá ooru ló pa á, bóyá ilẹ̀ tí ẹ rà ni, mi ò lè búra. Ẹ rántí pé àkèré kì í fẹnu mumi. Awọ ikùn àti ti itan ló fi ń fà á. Ohunkóhun tó bá wà nínú ilẹ̀ yẹn ti wọ inú rẹ̀.

Bàbá Mọ́jí, Kubwa:
Mo ti gbé e sí kọ̀rọ̀, níbi tó tutù. Ẹ ṣeun, sà. Àṣé èmi ni mo ń sè é.

Àǹtí Ọlọ́gbà, Jabi:
Ilẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá jà, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ṣòwò pẹ̀lú mi má bínú. Àwa tá a ń ta òdòdó, ìgbẹ́ adìẹ la fi ń po ilẹ̀ dúdú, àwọn mìíràn á tún da ajílẹ̀ NPK lé e. Ó dáa fún róòsì. Kò dáa fún ohun tó ń fi ikùn mumi. Ẹ̀ẹ̀kejì, omi tí ẹ bù sí i ò ríbi lọ. Ìsàlẹ̀ ló dúró sí, ó di ẹrẹ̀, gbòǹgbò jẹrà, ìyẹn ló ń rùn.

Mo ní méjì irú àpótí yìí ní ṣọ́ọ̀bù mi, ewéko nìkan ló wà nínú wọn o. Mo máa ń kọ́kọ́ da òkúta wẹ́wẹ́ tí mo ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́ sí ìsàlẹ̀, kó ga tó íńṣì méjì. Ibẹ̀ ni omi tó bá pọ̀ jù máa sàn sí. Màá wá tẹ́ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé lé e, èyí tí a fi ń dènà ẹ̀fọn, kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa jò sáàárín òkúta. Iyẹ̀pẹ̀ náà gan-an, èèpo àgbọn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ta àgbọn lọ́jà ń dà á nù ni, ẹ tọrọ rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà, kí ẹ wá fọwọ́ ya á wẹ́wẹ́. Ìlọ́po méjì èèpo àgbọn sí ìdá kan iyanrìn odò, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ èédú tí ẹ gún. Ẹ wá fi ewé máńgòrò tàbí ti gúáfà tó ti gbẹ bò ó lókè. Ẹ sè é kó tó wọlé, torí èèrà.

Money plant yẹn dáa, ẹ má yọ ọ́ sọnù, àmọ́ ẹ fọ gbòǹgbò rẹ̀ títí kò fi ní ku ilẹ̀ kan lára rẹ̀. Syngonium náà dáa, ó ń gun nǹkan. Fern tó máa ń hù lára ọ̀pẹ dáa jù lójú tèmi. Ẹ fi igi gbígbẹ kan sínú rẹ̀ ní ìdábùú, torí pé òkè ni ẹranko yín máa ń gbé, kì í ṣe ilẹ̀.

Irun funfun tó hù yẹn, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ó máa ń hù nínú gbogbo àpótí tuntun. Ẹ gbé ìkòkò òdòdó tó ti pẹ́ nílẹ̀ sókè, ẹ máa rí àwọn kòkòrò funfun kan tí wọn ò tó hóró iyọ̀, tí wọ́n máa ń ta pọ́n-ún tí ẹ bá fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ kó wọn sínú ike tí èédú tútù wà, ẹ fi hóró ìrẹsì kan fún wọn, wọ́n á pọ̀. Àwọn ló ń jẹ irun funfun náà àti ìgbẹ́ àkèré. Àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó wọ àpótí, kí ẹ wá fi sílẹ̀ fún oṣù kan ààbọ̀, kí gbòǹgbò múlẹ̀. Àkèré ló máa wọlé kẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe èyí sódì.

Oníṣẹ́ Gíláàsì, Dei-Dei:
Àpótí ẹja ṣòroó lò fún un torí òkè nìkan ni ẹnu rẹ̀ wà. Tí ẹ bá fẹ́ tuntun, ẹ ní kí wọ́n gé e ní 45 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóòró, kó ga ní 60, kí ìlẹ̀kùn wà níwájú. Tí owó ò bá sí, ẹ lo ti ilé, àmọ́ ẹ yọ ìdérí yẹn. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ṣe ìdajì rẹ̀, gíláàsì ìdajì. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ fi gíláàsì bo díẹ̀ sí i nínú nẹ́ẹ̀tì náà, tí òjò bá padà, ẹ ṣí i. Ní ti sílíkọ́ọ̀nù, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ gíláàsì, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń lò ní balùwẹ̀. Wọ́n ń po oògùn tí kì í jẹ́ kí dúdú hù mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe àpótí ẹja ni kẹ́ ẹ bèèrè, kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan títí tí kò fi ní rùn bíi fínígà mọ́.

Ìyá Ìbejì, Lugbe:
Mo ti ń gbádùn ọ̀rọ̀ yìí o. Kí ló tiẹ̀ ń jẹ? Omi bóhòólù ńkọ́?

Tíṣà Bàólójì, Gwarinpa:
Ohun tó bá ń rìn ló ń jẹ. Ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà sínú ike, ẹ máa rí àwọn eṣinṣin kéékèèké tó máa bò ó, àwọn yẹn bá a mu. Ohun tó bá fẹ̀ ju àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ, ẹ má fún un. Kí ẹ má sì fín oògùn ẹ̀fọn níbi tó bá wà, kódà ní yàrá kejì. Bóhòólù ò burú tí kò bá níyọ̀. Omi ẹ̀rọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ò dé fún odidi ọjọ́ kan, kí klórínì fò lọ.

Alfa, Minna:
Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, àmọ́ ẹnìkan ò tíì bèèrè ìdí tí àkèré yìí fi gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ fún oṣù kan ààbọ̀ tí ẹ máa fi kọ́ ilé rẹ̀. Nínú ike áísìkiríìmù? Ibi tí wọ́n ti mú un kò ju ẹ̀yìnkùlé lọ. Nígbà ọyẹ́, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ Àbújá lè má ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́sàn-án. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ta ni yóò máa fọ́nmi sí i?

Tíṣà Bàólójì, Gwarinpa:
Alfa sọ òótọ́. Àkóràn olú kan wà tó ń pa àkèré káàkiri ayé, àwa ènìyàn sì wà lára ohun tó ń gbé e kiri, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fẹ́ kí wọ́n dá ẹranko inú ilé padà sígbó. Ṣùgbọ́n èyí kò tíì pàdé ẹranko tó ti ibòmíràn wá. Tó bá jẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn gan-an ni, tí ó sì ta kébékébé, ẹ dá a padà. Ìrọ̀lẹ́ ni o, kì í ṣe ọ̀sán. Ẹ fi omi bóhòólù rẹ ọwọ́ yín kí ẹ tó gbá a mú.

Bàbá Mọ́jí, Kubwa:
Ẹ kú àná o. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án alẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ti padà sí ti pákó. Mọ́jí ló pè mí kí n wá wò ó. Mo bẹ̀rù pé kò ní gbà, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ní ká dá a padà, pé kò ní bàbá níbí. A gbé e lọ nírọ̀lẹ́ òní. Ó jókòó sórí ewé náà bí ẹni tí kò lọ síbì kankan rí.

Àpótí ò ní kúrò nílé ṣá. Mo ti da ilẹ̀ olówó yẹn sídìí ọsàn. Èèpo àgbọn ti wà nínú omi, Mọ́jí sì ti kó kòkòrò tó ń ta pọ́n-ún mẹ́tàdínlógún, ó kà wọ́n. Àǹtí, ṣé kí ìrẹsì yẹn jẹ́ èyí tí a sè ni, àbí tútù?

Àǹtí Ọlọ́gbà, Jabi:
Tútù. Hóró kan péré o, ẹ má sè é fún wọn bí ẹni gbàlejò.

Ìyá Ìbejì, Lugbe:
Tí igbó yẹn bá hù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ wá. Kí àkèré má sáà sí nínú rẹ̀.