Iṣẹ́ kọ́láàjì mi ń lọ sí ìpàtẹ ní ilẹ̀ mìíràn: báwo ni kí n ṣe múra rẹ̀ sílẹ̀?

Alálẹ̀mọ́ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ ọnà. Kọ́láàjì ni mo ń ṣe: mo máa ń gé ìwé ìròyìn, fọ́tò àti ìwé aláwọ̀, n ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ sórí páálí títí wọn yóò fi di àwòrán kan ṣoṣo. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín àwọn tó mọ̀ mí nìkan ni mo ti ń pàtẹ iṣẹ́ mi. Ní oṣù tó kọjá, ilé ìpàtẹ kan ní ilẹ̀ mìíràn kọ̀wé sí mi pé àwọn fẹ́ gba iṣẹ́ mi mẹ́rin fún ìpàtẹ kan tí àwọn ayàwòrán láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ yóò kópa nínú rẹ̀, tí iṣẹ́ yóò sì wà lára ògiri fún oṣù mẹ́ta.

Inú mi dùn púpọ̀ sí ìwé náà, àfi ìgbà tí mo gbé àwọn iṣẹ́ ọ̀hún jáde láti yẹ̀ wọ́n wò tí ọkàn mi dàrú. Méjì nínú wọn ti ń pọ́n níbi tí mo ti lo ìwé ìròyìn, etí ìwé mélòó kan sì ti ń ká kúrò lára páálí. Nínú ẹ̀kẹta, ojú obìnrin kan tí mo gé láti inú ìwé àtìgbàdégbà ló gba àárín iṣẹ́, n kò sì mọ ẹni tó ya fọ́tò náà. Ṣé ó yẹ kí n gbé iṣẹ́ tó ti ń pàwọ̀ dà lọ síwájú àwọn tí kò mọ̀ mí rí, àbí kí n ṣe òmíràn rọ́pò rẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè dì í tí yóò fi dé láìfarapa? Ǹjẹ́ fọ́tò ẹlòmíràn tó wà nínú iṣẹ́ kẹta lè kó mi sí wàhálà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi, nítorí n kò fẹ́ kí ojú ti àwọn tó pè mí.

Olùtọ́jú Ìwé dáhùn pé:

Ẹ kú oríire, Alálẹ̀mọ́. Títọ́jú àwọn ohun tí a fi ìwé ṣe ni iṣẹ́ mi, nítorí náà apá ìbéèrè yín tó jẹ mọ́ ìwé àti gọ́ọ̀mù ni n ó dáhùn, n ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ pípọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ kíká, nítorí àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Igi tí a kàn lọ̀ kúnná, tí a kò yọ èròjà tí wọ́n ń pè ní lignin kúrò nínú rẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe ìwé ìròyìn. Bí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bá ti ń kan lignin yìí, ìwé á máa pọ́n, ásíìdì á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, okun ara rẹ̀ á sì máa tán títí yóò fi máa rún bí ewé gbígbẹ. Ẹ kò lè sọ ọ́ di funfun padà nílé láìpa iṣẹ́ náà lára, nítorí náà ẹ má fi oògùn kankan fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ìtìjú rárá. Nígbà tí Pablo Picasso àti Georges Braque, àwọn ayàwòrán méjì tí òkìkí wọn kàn, bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìwé mọ́ àwòrán wọn ní ọdún 1912, ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ wà lára ohun tí wọ́n lò láìpẹ́ sígbà náà. Àwọn ìwé ọ̀hún ti pọ́n ju bí wọ́n ti rí lọ́wọ́ àwọn tó gé wọn, síbẹ̀ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá ń gbé wọn kọ́ títí di òní. Ohun tí olùṣètò ìpàtẹ kò ní gbà ni iṣẹ́ tí ègé ara rẹ̀ ń jábọ́ nígbà tí wọ́n bá ń tú u kúrò nínú àpótí.

Kíká yìí ni kí ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí. Ẹ rántí irú gọ́ọ̀mù tí ẹ lò nígbà náà. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tàbí sẹ́lótéèpù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lò ó mọ́ láé: bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ó máa ń pọ́n, àbàwọ́n rẹ̀ á yọ sójú ìwé, lẹ́yìn náà ni yóò gbẹ tí kò ní di nǹkan kan mú mọ́. Gọ́ọ̀mù tí àwa olùtọ́jú ìwé máa ń lò ni èyí tí a fi sítáàṣì àlìkámà sè tí a sì sẹ́ dáadáa, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní methyl cellulose. Ìdí tí a fi fẹ́ràn wọn ni pé omi lè tú wọn padà bí ẹlòmíràn bá fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe ní àádọ́ta ọdún sí i. Ẹ kọ́kọ́ fi òwú tútù díẹ̀ kan yíǹkì ìwé náà níbi tí kò hàn, kí ẹ mọ̀ bóyá ó máa ń ṣí. Bí kò bá ṣí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ti gọ́ọ̀mù díẹ̀ sábẹ́ etí tó ká, ẹ fi ìwé amumi bò ó, kí ẹ sì gbé ohun wíwúwo lé e títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Díẹ̀ ni mo wí o, nítorí omi tó bá pọ̀ jù ló ń mú kí páálí tẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kàn, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìpalára tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe fún ìwé kì í kúrò, ṣe ló ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, nǹkan bí 50 lux (lux ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) ni ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí ó kan iṣẹ́ tí a fi ìwé ṣe, wọn kì í sì í gbé e kọ́ títí lọ. Oṣù mẹ́ta kò burú ní ìwọ̀n yẹn, àmọ́ oṣù mẹ́ta níwájú fèrèsé lè pa ju ọdún mẹ́fà nínú àpótí yín lọ. Obìnrin ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Mary Delany, lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé gígé ṣe òdòdó ní ọdún 1772, ó sì ṣe tó ẹgbẹ̀rún kan ó dín díẹ̀. Wọ́n wà ní British Museum báyìí, àwọ̀ wọn ṣì ń tàn, nítorí pé wọ́n ti ń pa wọ́n mọ́ kúrò lójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìpàtẹ náà kí ẹ béèrè ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ wọn. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Fún àwọn iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe lọ́jọ́ iwájú, ẹ lè ya ìwé ìròyìn náà sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé òwú tí kò ní ásíìdì, kí ẹ sì gé ìyẹn. Njideka Akunyili Crosby, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Biennale ti Venice, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà àgbáyé ní Ítálì, ní ọdún 2019, kì í lẹ ọ̀pọ̀ fọ́tò inú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn ní tààrà. Ó máa ń tẹ̀ wọ́n jáde ni, á fi kẹ́míkà pa ẹ̀yìn wọn, àwòrán náà á sì ṣí wọ inú ìwé tó ń lò.

Adíṣẹ́-Ọnà dáhùn pé:

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Olùtọ́jú Ìwé sọ, àfi pé n kò fẹ́ kí Alálẹ̀mọ́ ka ìmọ̀ràn ìkẹyìn yẹn bí ẹni pé kí ó ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ tó ti ń pọ́n kí ó sì fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rí tí wọ́n sì yàn ni kí ẹ gbé lọ. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ẹyọ kan, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó ṣe é.

Ní ti dídì, ẹ fi gíláàsì oníke tó ń dènà ìtànṣán oòrùn sí férémù, kì í ṣe gíláàsì gidi, nítorí bí gíláàsì bá fọ́ lójú ọ̀nà, àfọ́kù rẹ̀ á gé iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: gíláàsì oníke máa ń ní agbára tó ń fa nǹkan mọ́ra bí a bá nù ún, ó sì lè fa etí ìwé tó ti ká sókè. Ìdí nìyí tí àtúnṣe fi gbọ́dọ̀ ṣíwájú férémù. Kí páálí kan tí a gé àárín rẹ̀ wà láàárín iṣẹ́ àti gíláàsì, kí wọ́n má fara kan ara wọn. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rá alátẹ́gùn fara kan ojú iṣẹ́ rárá.

Bí ẹ bá lo àpótí onígi, ẹ rí i pé ó ní òǹtẹ̀ ISPM 15. Òfin àgbáyé ni, torí kòkòrò inú igi: ọ̀nà tí wọ́n sábà ń gbà pa á ni pé kí wọ́n mú igi náà gbóná títí àárín rẹ̀ yóò fi wà ní ìwọ̀n 56 lórí Celsius fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Pákó onípele tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ kò sí lábẹ́ òfin yìí. Àpótí tí kò ní òǹtẹ̀ lè dúró sí ẹnubodè títí ìpàtẹ yóò fi ṣí láìsí yín níbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà bá ń lọ tó sì ń padà bọ̀, ẹ béèrè nípa ìwé ATA Carnet, tí wọ́n sábà máa ń gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, tí orílẹ̀-èdè méjèèjì bá wà nínú ètò náà. Ìwé yìí ń jẹ́ kí ẹrù wọlé fún ìgbà díẹ̀ láìsan owó ẹnubodè, ó sì lè lò tó ọdún kan. Kò wà fún ohun tí ẹ fẹ́ tà níbẹ̀. Ẹ pinnu èyí ṣáájú, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹni tó fẹ́ rà á bá dé.

Lákòótán tèmi, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti etí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ gbogbo ibi tó ti pọ́n àti ibi tí ẹ tún ṣe sílẹ̀. Ilé ìpàtẹ yóò fọwọ́ sí ìwé yẹn nígbà tó bá dé àti nígbà tó bá ń padà. Láìsí i, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá àbàwọ́n kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí àdójútòfò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ bá kúrò lára ògiri yín títí yóò fi padà síbẹ̀.

Amòfin Oníṣẹ́-Ọwọ́ dáhùn pé:

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kẹta. Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń gé ìwé gbà pé bí a bá ti gé fọ́tò tí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn, ó ti di tiwa. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ Àdéhùn Berne ti ọdún 1886, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà àti òǹkọ̀wé, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí, ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ kì í tán nígbà ayé rẹ̀, á tún wà fún ó kéré tán àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò lè ní gbèdéke tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti jákèjádò Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ni wọ́n sábà máa ń kà.

Òfin ilẹ̀ tí ìpàtẹ náà wà ni ẹ ó bá pàdé, wọn kò sì rí bákan náà. Ẹ wo Jeff Koons, oníṣẹ́ ọnà kan ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1992, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi nítorí pé ó fi fọ́tò ẹlòmíràn ṣe ère. Ní ọdún 2006, ilé ẹjọ́ kan náà dá a láre lórí fọ́tò ẹsẹ̀ obìnrin tó mú láti inú ìwé àtìgbàdégbà, nítorí wọ́n gbà pé ìtumọ̀ mìíràn ló fún un. Nígbà tó di ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ Andy Warhol, ayàwòrán Amẹ́ríkà kan tó ti kú, lẹ́bi nítorí àwòrán tó ti inú fọ́tò kan jáde, tí wọ́n fún ilé iṣẹ́ ìwé àtìgbàdégbà láti lò. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí ewu, tàbí pé ewu dájú, ẹ má tètè gbà á gbọ́.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ní ṣíṣe ni pé kí ẹ wá ìwé àtìgbàdégbà náà rí, kí ẹ wo orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò, kí ẹ sì kọ̀wé tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni náà. Ọ̀pọ̀ ayafọ́tò máa ń gbà bí a bá bọ̀wọ̀ fún wọn. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ka ìwé àdéhùn ilé ìpàtẹ dáadáa, pàápàá ibi tí wọ́n bá kọ pé ẹ̀yin ló ni ẹ̀tọ́ sí gbogbo ohun tó wà nínú iṣẹ́, àti pé ẹ̀yin ni yóò sanwó bí ẹnikẹ́ni bá pẹjọ́. Ẹ má fọwọ́ sí ìyẹn láìsọ òótọ́ fún wọn. Iṣẹ́ tó kàn wà lára ògiri kì í sábà fa ẹjọ́ tó èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìpàtẹ tàbí sórí káàdì fún títà, ẹ sì lè ní kí wọ́n yọ ẹyọ yẹn kúrò nínú ohun títẹ̀. Fún ọjọ́ iwájú, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York ti ṣí ọ̀pọ̀ àwòrán sílẹ̀ láti ọdún 2017 fún ẹnikẹ́ni láti lò bó ṣe wù ú, Rijksmuseum ní Amsterdam náà sì ní irú rẹ̀.

Ọmọ Páálí dáhùn pé:

Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí ó dùn mí gidigidi nígbà tèmi. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé ta ni yóò sanwó ìdápadà iṣẹ́, àti ọjọ́ tí yóò padà. Ilé ìpàtẹ kan sanwó kí iṣẹ́ mi lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n a kò kọ ohunkóhun nípa ìpadàbọ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń kọ̀wé kí n tó rí i gbà. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní kí ẹ sanwó kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ yín kọ́, ẹ wádìí irú àwọn tó ti bá wọn pàtẹ rí kí ẹ tó dá wọn lóhùn.

Alálẹ̀mọ́ padà wá dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti kọ̀wé sí ilé ìpàtẹ náà, wọ́n sì dáhùn lọ́jọ́ kejì pé ìmọ́lẹ̀ wọn kò kọjá 50 lux, àti pé àwọn ni yóò sanwó lílọ àti bíbọ̀. Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ibi tó ti pọ́n, torí àwọn rí i nínú fọ́tò, ó sì wà lára ìdí tí àwọn fi yàn án. Mo dán òwú tútù wò lára etí méjì, yíǹkì kò ṣí, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ́ọ̀mù sítáàṣì lẹ̀ wọ́n. Ní ti iṣẹ́ kẹta, mo rí ìwé àtìgbàdégbà náà nínú àwọn èyí tí mo tọ́jú, orúkọ ayafọ́tò sì wà nísàlẹ̀ ojú ìwé, ní lẹ́tà kéékèèké tí n kò kà rí ní gbogbo ọdún tí iṣẹ́ náà ti wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti kọ̀wé sí i lánàá. Títí yóò fi dáhùn, iṣẹ́ mẹ́ta ni mo ń dì.