Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà àlejò nínú igbó rí, kí lojú yín rí?

Ọmọ_Òde:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwa ará ibi iṣẹ́ kan ń múra àtilọ rin Ẹrẹ̀dò, kòtò ńlá àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, lápá Òkè-Ẹ̀rí, ká wo igi, ká ya fọ́tò, ká gba atẹ́gùn. Ẹni tó bá ti rin ibẹ̀, tàbí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ níbòmíì, kó sọ tiẹ̀ fún wa. A máa kó ọmọdé dání o.

Ìyá_Wúrà:
Bàtà rọ́bà. Mo ti sọ tèmi.

Ẹlẹ́mu_Ìṣarà:
Ìyá Wúrà, ẹ wọ bàtà rọ́bà lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ẹsẹ̀ yín ò ní jinná sínú ẹ̀. Bàtà kánfáásì tó ní eyín nísàlẹ̀ tó. Kẹ́ ẹ sì ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀, torí ìjàlọ.

Tísà_Àgọ́:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Lọ́dún kan, èmi àti tísà ọkùnrin kan kó àwọn ọmọ kíláàsì wa lọ síbẹ̀. Ẹrẹ̀dò fúnra ẹ̀, mi ò ní parọ́, ó wú mi lórí. Béèyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò yẹn, oòrùn tán nìyẹn. Ara ògiri tutù, ọ̀mu hù bò ó látòkè délẹ̀, gbòǹgbò igi ń yọ jáde lára yẹ̀pẹ̀ pupa. Àwọn ọmọ tó ti ń pariwo nínú bọ́ọ̀sì látàárọ̀, wọ́n dákẹ́ fúnra wọn. Bàbá tó mú wa kiri ní ibòmíì wà tó ga tó 20 mítà, àti pé gbogbo ẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá ku ibojì Súngbọ́. Bá a ṣe dé ibì kan, bàbá na ọ̀pá, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dúró síbí o." Mo ní kí ló dé? Ó ní obìnrin kì í débẹ̀. Iye tí tísà ọkùnrin san lèmi náà san! Owó mi wọlé, èmi ò wọlé. Èmi àtàwọn ọmọbìnrin jókòó sórí gbòǹgbò igi, à ń jẹ bisikíìtì. Ọmọkùnrin JSS1 kan ló sáré jáde wá ṣàlàyé fún mi: "Mà, kò sí ewé kankan nílẹ̀ níbẹ̀ o!" Ọmọ tí mi ò tíì kọ́ tán, òun ló ń kọ́ mi.

Àdùkẹ́_Ṣàgámù:
"Owó mi wọlé, èmi ò wọlé." 😂😂 Àǹtí Tísà, ẹ ò ní pa mí.

Bàbá_Ìmọ̀sàn:
Èèwọ̀ lèèwọ̀ ń jẹ́. Wọn ò torí àlejò dá a sílẹ̀, wọn ò sì ní torí àlejò mú un kúrò. Ṣé ẹ máa wọ ìgbàlẹ̀ nítorí pé ẹ sanwó ni?

Àdùkẹ́_Ṣàgámù:
Bàbá, ẹ má bínú o. Obìnrin ni wọ́n sin síbẹ̀! Obìnrin ni wọ́n ló ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò ọ̀hún. Àwa obìnrin la ò wá gbọdọ̀ lọ kí i. Ẹ ṣàlàyé yẹn fún mi.

Ìyá_Wúrà:
Wọ́n ní ajá náà ò gbọdọ̀ débẹ̀. Àwa àti ajá wá di ẹgbẹ́.

Alfa_Odògbolú:
Ẹ má sọ ọ́ dìjà. Bílíkísù ni Súngbọ́ yẹn, ayaba tó lọ kí Ànábì Sulaimọ́nù. Èèyàn ńlá ni. Tẹ́ ẹ bá dúró lókèèrè ṣàdúà, á débẹ̀.

Oníyèméjì:
Alfa, ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Ti Ànábì Sulaimọ́nù ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún. Patrick Darling àtàwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí Ẹrẹ̀dò, táwọn oníròyìn gbé ọ̀rọ̀ wọn jáde ní 1999, nǹkan bí 1,000 ọdún ni wọ́n pe ti kòtò náà. 2,000 ọdún tó wà láàárín ńkọ́, ibo ló wọlé sí?

Alfa_Odògbolú:
Ìwọ wà níbẹ̀?

Oníyèméjì:
Ẹ̀yin ńkọ́, sà?

Ọmọ_Òde:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ ọdún mẹ́fà lè rìn ín?

Rẹ́mọ_Ìlú_Ọba:
Ọ̀rọ̀ ajá yẹn ló mú mi sọ̀rọ̀. Ọgbà igi kan wà lọ́dọ̀ wa níbí, Westonbirt, ní Gloucestershire. Olówó kan tó ń jẹ́ Robert Holford ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi síbẹ̀ ní 1829. Apá méjì ni. Èyí tí wọ́n ń pè ní Silk Wood, ẹ lè fa ajá yín wọ̀ ọ́. Old Arboretum, ajá ò gbọdọ̀ débẹ̀. Àǹtí Àdùkẹ́, obìnrin ń wọ méjèèjì o. Wọ́n kọ orúkọ igi sára pátákó pẹlẹbẹ, wọ́n fi kọ́ igi lára, ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà kan tún wà tó gba àárín orí igi kọjá, 300 mítà, ọdún 2016 ni wọ́n ṣí i. Kò ní àtẹ̀gùn, ńṣe ló ń ròkè díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi tí orúnkún ń dà láàmú rìn ín dópin. Mo tún rí ẹni tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ tì lórí ẹ̀.

Ẹlẹ́mu_Ìṣarà:
Lekki náà ní tiẹ̀, 401 mítà. Tiwa gùn ju tiyín lọ. Àmọ́ ó ń mì o.

Ìyá_Wúrà:
Ó ń mì! Mo pe Jésù, mo pe Ànábì, mo pe ìyá tó bí ìyá mi.

Gẹdú_J4:
Ẹ fi afárá sílẹ̀, ẹ wá sí igbó Omo ní Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn. Láti 1977 ni UNESCO, àjọ àgbáyé, ti kà á mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò. 460 hẹ́kítà wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti 1946, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi ibẹ̀. Kò sí pátákó kankan lára igi. Bàbá tó mú wa kiri fi àdá ha èèpo, ó ní ká gbóòórùn ẹ̀, ká sọ ọ́. Ó ha arère, ẹni tó gbé imú sún mọ́ ọn ò tún bèèrè. Ó ha òpèpè, inú ẹ̀ yẹ́lò. Nígbà tó kan ọ̀mọ̀, ó fi ẹ̀yìn àdá lù ú, ó ní igi onílù nìyí. Títí dòní, bí mo bá rí òpèpè, mo mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ò dùn ni oko gmelina tí wọ́n gbìn torí iléeṣẹ́ bébà Ìwòpin. Ìlà ni, ìlà ni, ìlà ni. Ẹyẹ ò ké. Àlejò kan ń yà á ní fọ́tò pé "igbó dáa gan-an." Igbó kọ́ nìyẹn.

Lọ́nà oko tá a gbà bọ̀ ni ẹnì kan nínú wa ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé òun fẹ́ tọ̀. Wèrèpè!

Àdùkẹ́_Ṣàgámù:
Yéè!

Gẹdú_J4:
Ọ̀gá pátápátá ni lọ́fíìsì wọn o. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń bẹ bàbá pé kó ha òun lẹ́yìn. Bàbá ní bó bá ha á, yóò tàn kálẹ̀ ni. Abúlé la ti rí eérú fi pa á lára.

Tísà_Àgọ́:
Wọ́n ní iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹlẹ́mu_Ìṣarà:
Èsìsì lẹ wí, mà. Wèrèpè á jó yín lẹ́ẹ̀kẹrin, á tún bi yín bóyá ẹ ti yó.

Bàbá_Ìmọ̀sàn:
Ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀, gbọ́ o. Ọfà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sára igi dáa. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá rí màrìwò tí wọ́n ta dí ọ̀nà, ì báà jẹ́ ọfà mẹ́wàá ló kọjú síbẹ̀, ẹ padà. Oṣù wo lẹ fẹ́ lọ?

Ọmọ_Òde:
Oṣù keje, sà.

Bàbá_Ìmọ̀sàn:
Ẹ lọ bèèrè ọjọ́ ọdún Agẹmọ ná kẹ́ ẹ tó sanwó bọ́ọ̀sì. Ọ̀nà tí Agẹmọ bá ń gbà bọ̀ wá sí Ìmọ̀sàn, obìnrin ò ní jáde síbẹ̀.

Tísà_Àgọ́:
Wọ́n tún ti dé!

Ìyá_Wúrà:
Gẹdú, ṣé òótọ́ ni pé erin wà nínú igbó Omo yẹn?

Gẹdú_J4:
Ó wà. Wọn kì í fẹ́ kéèyàn rí wọn ni. Èmi ò rí i sójú, ìgbẹ́ ẹ̀ ni mo rí lójú ọ̀nà, ó ṣì tutù.

Oníyèméjì:
Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ti màlúù?

Gẹdú_J4:
Àbúrò, màlúù wo ló ń ya ìgbẹ́ tó tó agbọ̀n?

Oníyèméjì:
Fọ́tò ńkọ́?