Àfojúsùn kọ́ là ń kàn mọ́ páálí: èsì lórí orúkọ ohun èlò pápá ìyìnbọn

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó.

Mo ti ka àtòkọ tí àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlànà ohun èlò pápá ìyìnbọn gbé síwájú wa. Mo ka èsì ẹ̀gbọ́n tó fọwọ́ sí i láìyọ ẹyọ kan kúrò, mo sì ka ti gbogbo àwọn tó dá sí i lẹ́yìn náà. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: àbúrò pe ohun tí a ń yìnbọn sí ní "àfojúsùn", ó pe igi tó gbé e dúró ní "àgbékọ́ àfojúsùn", ó pe ohun tó ń gba ọta lẹ́yìn rẹ̀ ní "àpáta ọta", ó pe àárín gbùngbùn rẹ̀ ní "ojú akọ màlúù", ó sì pe àwo tí ẹ̀rọ ń jù sókè fún àwọn ayìnbọn ní "ẹyẹlé amọ̀". Nínú márààrún, n kò rí èyí tí mo lè jẹ́ kó kọjá. Iṣẹ́ ńlá ni àbúrò dáwọ́ lé, mo sì yìn ín fún un. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fẹ́ fi kọ́ ènìyàn bí a ti ń to nǹkan síbi tí ọta ti ń fò, a kì í fi orúkọ inú rẹ̀ ṣeré.

Orí àfojúsùn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́ wá. Ẹ̀gbọ́n ní kí la tún ń wá, ṣebí ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀, tọmọdé tàgbà ló ń lò ó. Ó wà nílẹ̀ lóòótọ́. "Sùn" tó wà ní ìdí rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kò wò. Kì í ṣe sùn ti oorun. Òun ló wà nínú "fẹjọ́ sùn": ẹni tó fẹjọ́ sùn darí ẹjọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kan, ẹni tó fojú sùn darí ojú síbì kan. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín, "ó fẹjọ́ sun ọba", gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọ̀rọ̀ ìṣe onísílébù kan olóhùn ìsàlẹ̀ ti ń ṣe. Nítorí náà ojú ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìbọn kò sí níbẹ̀, ọta kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi lè ní àfojúsùn, tí akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò náà fi lè ní tiwọn, láìsí ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó ṣì ku ibi tó le jùyẹn lọ. Ẹni tó bá fi ìbọn ìléwọ́ ṣe ìdíje mọ̀ pé irin kékeré tó wà lórí ẹnu ìbọn ni olùkọ́ ń ní kó tẹjú mọ́. Irin yẹn ló gbọ́dọ̀ hàn kedere, kí bébà tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ṣú díẹ̀ lójú rẹ̀, nítorí ojú ènìyàn kò lè rí méjèèjì kedere lẹ́ẹ̀kan náà, bí irin yẹn bá sì fì díẹ̀, ọta ti ya lọ. Tí a bá wá ní kí ọ̀rọ̀ jẹ́ orúkọ rẹ̀, irin orí ìbọn ni àfojúsùn, kì í ṣe bébà. Àbúrò yóò wá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní òdìkejì ohun tí olùkọ́ pápá ń sọ.

Ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. "Àmì" ni mo fara mọ́. Bí a bá fẹ́ kó dá yàtọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá jẹ yọ nínú ìwé, ká pè é ní "àmì ìtasí", lẹ́yìn náà ká máa pè é ní àmì lásán. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní àmì ohùn ńkọ́, àmì ẹ̀yẹ ńkọ́. Kò sí oníwèé ìlànà ìbọn tí yóò rí àmì lórí igi tí yóò rò pé ohùn òkè ni. Ẹlòmíràn tún ti béèrè pé kí ló dé tí mo fi mú "ta", nígbà tó jẹ́ pé ọfà là ń ta, ìbọn là ń yìn. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, ọdẹ ìbọn ni wọ́n, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí pé àwọn "yìnsé". "Mo tàsé" ni wọ́n máa ń sọ. Ta kò kúrò nídìí ìbọn rárá. Inú tàsé ló fara pa mọ́ sí, àwọn àgbà wọ̀nyẹn kò sì dúró kọ́ ọ níléèwé kí wọ́n tó fi sí ipò rẹ̀. Ní ti ẹni tó ní "ìyìnbọn" ń dún létí òun bí ẹni tó ń yin ìbọn bí a ti ń yin Olúwa, mo rọ̀ ọ́ kó lọ pe méjèèjì sókè ketekete. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí ìbọn ló bọ́ sórí yìn nínú yìnbọn. Kò sí ohun tó jọ ọ́ nínú "yin Olúwa".

Ó wá kan "àgbékọ́ àfojúsùn", ohùn orí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló sì ká mi lára jù. "A-" olóhùn àárín, olùṣe ló máa ń fún wa: apẹja, akọ̀wé, agbébọn, amúnisìn. "À-" olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń fún wa ní ohun tí a ṣe, tàbí ìṣe náà fúnra rẹ̀: àkọsílẹ̀, àfikún, àṣàyàn. Igi tí a ń wí yìí, ṣé òun ni a gbé kọ́ ni, àbí òun ló gbé nǹkan kọ́? Òun ló gbé nǹkan. Àbúrò fi à- sí i, ó sì sọ igi di bébà tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ onígírámà fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀! Wọ́n rán wa létí pé àwọn ti ń kọ́ni ní èdè yìí kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Èmi náà ti jókòó nínú kòtò tó wà lẹ́yìn odi pápá ọlọ́nà jíjìn, níbi tí a ti ń fa àmì sókè fún ayìnbọn, tí a ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wo ibi tí ọta gbà, tí a sì ń tún fà á padà sókè. Mo mọ ohun tí igi yẹn ń ṣe, mo sì mọ bó ti wúwo tó.

Orúkọ tí mo mú wá ni "agbámìró": a-gbé-àmì-ró, lójú ọ̀nà kan náà tí amúnisìn gbà wá láti ara mú ẹni sìn. Gbé ró ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe gbé kọ́. Kò sí ohun tó rọ̀ dirodiro níbẹ̀. Òpó méjì ni, pákó tẹ́ẹ́rẹ́, a kì wọ́n bọ ihò ẹsẹ̀ tó jókòó sílẹ̀. A kan páálí tàbí pátákó oníke fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ àwọn òpó náà, a sì lẹ bébà tí a ya òrùka sí mọ́ iwájú rẹ̀. Yorùbá ti fún wa ní orúkọ ìyókù láìjẹ́ pé a dá ohunkóhun: bébà ni ojú àmì, páálí ni ẹ̀yìn àmì, ohun tó jókòó sílẹ̀ ni ẹsẹ̀ agbámìró. Ẹ má ṣe pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí orúkọ kan. Ojú àmì la ń pààrọ̀ léraléra, ẹ̀yìn àmì a pẹ́ díẹ̀ jù ú lọ, agbámìró á sì wà níbẹ̀ títí ọta yóò fi gé òpó rẹ̀. Pákó la fi ń ṣe òpó nítorí pé ọta á gba inú rẹ̀ kọjá lọ tààrà. Bí òpó bá jẹ́ irin, ọta tó bà á lè ta padà wá bá ẹni tó yìn ín.

Ẹnì kan dábàá pé níwọ̀n bí òpó àti pákó ìdábùú bá ti wà, ká kúkú pè é ní "agbélébùú". N kò fara mọ́ ọn. Ìtumọ̀ inú ọ̀rọ̀ náà bá a mu lóòótọ́, ohun tí a gbé lé ìbú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ní ẹni tó ni ín. Ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

"Àpáta ọta" ló dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo wọn. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ ló yẹ kó wà lẹ́yìn àmì, yẹ̀pẹ̀ tí a ti ṣa òkúta inú rẹ̀ dànù, nítorí pé ọta tó bá ba òkúta kò ní wọlé. Yóò yà, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò gbà. Ìwé ìlànà yóò wá pe ibẹ̀ ní àpáta? Ẹni tó bá kà á yóò lọ wá àpáta fi sí i! Nígbà tí mo béèrè, àbúrò ní apata tí jagunjagun ń gbé lọ́wọ́ ni òun ní lọ́kàn, pé àmì ohùn ló ṣi òun lọ́wọ́. Apata pàápàá kò bá a mu. Apata a máa lé nǹkan padà ni, èyí tí a ń wí gbọ́dọ̀ gbà á kó sì dá a dúró. "Agbọta" ni kí a pè é, a-gba-ọta, yálà òkìtì yẹ̀pẹ̀ ni tàbí àpótí irin tí a fi ń gba ọta òjé nínú ilé. Ẹ̀gbọ́n wá gbé ọ̀rọ̀ míràn dìde, pé apata fúnra rẹ̀ wá láti a-pa-ọta. Pa àti ẹja fún wa ní apẹja. Pa àti ọta yóò fún wa ní "apọta". Níbo ni "ọ" inú ọta sá lọ? Mo ti béèrè rí, mo tún ń béèrè.

Irin tí a ń yìnbọn sí fúnra rẹ̀ kì í ṣe agbámìró, kì í sì í ṣe agbọta. Àmì onírin ni. Irin líle ni, èyí tó wọ́pọ̀ jù tó nǹkan bí 500 lórí òṣùwọ̀n Brinell tí a fi ń wọn bí irin ti le tó, a sì máa ń dẹ orí rẹ̀ síwájú díẹ̀ kí àfọ́kù ọta lè dà sílẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti jẹ kòtò, ẹ gbé e kúrò, nítorí kòtò yẹn ló ń dá àfọ́kù padà sí ènìyàn. Ẹ kọ èyí sínú ìwé yẹn ní lẹ́tà gàdàgbà.

N kò ní pẹ́ lórí "ojú akọ màlúù". Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi ojú ẹran pe àárín àmì. Àwa ní góńgó. Nínú ìdíje ìbọn gígùn aláfẹ́fẹ́ ti mítà 10, góńgó jẹ́ ẹ̀kán kékeré tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mílímítà 0.5 lọ, bẹ́ẹ̀ ọta tí a ń yìn sí i jẹ́ mílímítà 4.5. Ọta tóbi ju góńgó lọ, ó bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ti ìbọn ìléwọ́ aláfẹ́fẹ́ jẹ́ mílímítà 11.5 ní ọ̀nà jíjìn kan náà. Ṣé ohun tó kéré tó báyìí ló wá jọ ojú màlúù?

"Ẹyẹlé amọ̀" wá láti inú ìtàn. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris ní 1900, ẹyẹlé gidi, ẹlẹ́mìí, ni wọ́n yìnbọn pa. Àwọn tó ń sọ èdè yẹn rántí ẹyẹ náà nínú orúkọ, àwa kò ní ohun kan tí a ń rántí níbẹ̀. Kì í ṣe ẹyẹ, kì í ṣe amọ̀ mọ́ pẹ̀lú: ẹfun òkúta àti ọ̀dà ni wọ́n ń pò pọ̀ ṣe é, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 110, ó sì wọn nǹkan bíi gíráàmù 105. Mo ronú kan "àwo àjùfọ́", ẹlòmíràn fẹ́ "àwo àfòfọ́". Tèmi kò dùn mọ́ mi nínú tán, nítorí èyí tó bá tàsé kì í fọ́ lójú ọ̀run, ilẹ̀ ló ń já lé. Ẹ jẹ́ kó ṣì wà nílẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí n kò ní gbà kó kọjá. Nínú àpẹẹrẹ tí àbúrò fi ránṣẹ́, ó kọ ọ́ pé: "Rí i dájú pé kò sí ọ̀tá nínú ìbọn." Ọta ni, ohùn àárín lórí méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ní òǹkàwé yóò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò nílò ìwé ìlànà. Ẹ fi àmì ohùn sí i ní gbogbo ojú ewé, pàápàá ní ibi tí "ọta" àti "agbọta" bá ti pàdé nínú gbólóhùn kan, nítorí ẹni tó bá fi ohùn òkè sórí ẹ̀kejì, "agbọ́ta", ti sọ ọ́ di ẹni tó gbé ọta dání, kì í ṣe ohun tó gbà á.

Mo ti fi orúkọ tèmi kọ gbólóhùn kan láti wò ó bóyá ó lè rìn: "Kí o tó kan ojú àmì tuntun mọ́ ẹ̀yìn àmì, wò ó bóyá òpó agbámìró dúró gbọn-in nínú ẹsẹ̀ rẹ̀, kí o sì rí i pé gbogbo ọta tó bá gba àmì kọjá yóò wọ inú agbọta, kò ní gba orí rẹ̀ kọjá." Mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n fi "àfojúsùn", "àgbékọ́ àfojúsùn" àti "àpáta ọta" kọ gbólóhùn kan náà fún wa níbí, ká gbé méjèèjì síwájú ẹni tí kò tẹ pápá ìyìnbọn rí, ká bi í pé èwo ló yé e.