Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa fi páìnì wé Usnea?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, Scotland ni mo ti ń kàwé, wọ́n wá ní ká fi igi páìnì ibí, Pinus sylvestris, wé Usnea tó ń rọ̀ lára ẹ̀ka ẹ̀ bí irùngbọ̀n àgbàlagbà. Mo já díẹ̀ lánàá, mo rọra fà á, okùn funfun tín-ín-rín kan wà láàárín ẹ̀ tó ń nà bíi rọ́bà! Usnea ò ní gbòǹgbò, irú olú kan àti álígì (ohun tíntìntín aláwọ̀ ewé tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ) ló jọ ń gbé inú ẹ̀, kì í sì í mu oje igi. Ti bíbí ló dojú rú fún mi: ṣé mo lè fi kóró páìnì wé èérún Usnea tó ń já tó sì ń hù níbòmíì? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, Friday ni mo fẹ́ fi sílẹ̀.