Ṣé orógbó àti ìṣápá lè fọ òjé kúrò lára ọkùnrin?

Bátìrì Mọ́níyà:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ ni mò ń ṣe. Tí bátìrì bá ti kú, màá là á, màá yọ òjé inú rẹ̀, màá yọ́ ọ lórí iná èédú fi rọ orí bátìrì tuntun. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti gbéyàwó, a ò tíì gbọ́ igbe ọmọ. Wọ́n yẹ ìyàwó mi wò, ara rẹ̀ dá. Àtọ̀ tèmi ló kéré: mílíọ̀nù 6 nínú mìlílítà kan, wọ́n ní ó yẹ kó tó 16. Dókítà gbọ́ iṣẹ́ mi, ó ní kí n lọ yẹ òjé inú ẹ̀jẹ̀ wò. Ará àdúgbò wa kan ní orógbó àti omi ìṣápá á fọ̀ ọ́ dànù. Ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Alágbo:
Ẹ jẹ orógbó yín, bọ̀dá. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣèwádìí lé e lórí dáadáa. Ìbejì lẹ máa gbé jó láṣẹ Èdùmàrè.

Ìyá Láàbù:
Àmín o. Ṣùgbọ́n èkúté ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí yẹn. Lóòótọ́, èròjà inú orógbó dáàbò bo kórópọ̀n èkúté. Òjé máa ń mú kí àwọn èròjà kan tó ń jẹ ara bí ìpẹtà pọ̀ sí i, ọ̀rá ló sì pọ̀ lára awọ àtọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe tètè ń bà á jẹ́. Ewéko lè dín ìbàjẹ́ yẹn kù. Kò lè lé òjé jáde. Inú eegun ni òjé ń lọ fara pamọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní Amẹ́ríkà, èsì ìwádìí kan jáde lọ́dún 2020: wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń wá ọmọ ní fítámì C àti E, síńkì, àti èròjà pupa inú tòmátì, tí àwọn náà ń gbógun ti irú ìbàjẹ́ yẹn. Àtọ̀ wọn kò sàn ju ti àwọn tí wọ́n fún ní hóró lásán tí kò ní oògùn nínú lọ.

Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn. Tí òjé inú rẹ̀ bá ti tó máíkúrógíráàmù 5 nínú dẹ̀sílítà kan, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n wá ibi tó ti ń wọlé, kí wọ́n dí i. Oògùn tó ń fa òjé jáde wà, dókítà ló máa mọ̀ bóyá ó tó lò.

Bátìrì Mọ́níyà:
Ẹ ṣé, ìyá mi. Ṣé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ni? Òun nìkan ni mo kọ́.

Ìyá Láàbù:
Ẹ má là á mọ́, ẹ má yọ́ ọ mọ́. Ẹ máa ṣáàjì, kí ẹ sì máa ra orí bátìrì tó ti wà ní rírọ. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbá ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹun níbẹ̀. Ẹ wẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó wọlé, kí ìyàwó yín má fọ aṣọ iṣẹ́ yẹn pọ̀ mọ́ tiyín yòókù. Tó bá lóyún, òjé ń tara ìyá dé ara ọmọ. Tìróò náà ńkọ́? Òjé ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, kó fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ẹ mu ìṣápá tó bá wù yín. Àtọ̀ tuntun ń gbà tó ọjọ́ 74 kó tó gbó, nítorí náà ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ẹ bá ti pa iná yẹn.