Ṣé òkun máa ń ti odò Ọ̀ṣun padà dé Òṣogbo?

ỌmọÒkèFíà: Ẹ kú ilé o. Mo lọ sí Ìkòròdú fún ìgbéyàwó ọmọ àǹtí mi, gósíló wá dá wa dúró lórí bíríìjì Màjídùn, mo bojú wolẹ̀ báyìí mo rí i pé ewé orí omi tó ń yọ òdòdó pọ́pù yẹn ń lọ sókè odò, kò lọ sọ́nà ọ̀sà rárá! Ọmọ tó ń ta píọ́wọ́tà ní omi ló ń wọlé. Èmi tí mo dàgbà sí Gbódòfọ́n ní Òṣogbo, mi ò rí i kí Ọ̀ṣun ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àbí òru ló ń ṣe tiẹ̀? Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀?

AwakọOjúOmi: Hahaha òru kẹ̀. Àbúrò, òkun máa ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, á tún jáde lẹ́ẹ̀mejì, tọ̀la á sì fi bíi 50 ìṣẹ́jú pẹ́ ju tòní lọ torí òṣùpá ló ń fà á. Táwa bá wà lórí omi, omi ń wọlé, omi ti kún, omi ń jáde, omi ti fà, bá a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ibi tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò sì lórúkọ kan gbòógì lẹ́nu wa, a kàn ń sọ pé òkun ń débẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn tó ń wa yanrìn, tí ọkọ̀ wọn bá ti kún dẹ́nu, ta ni fẹ́ máa bá omi jà? Wọ́n á dúró kí omi yí ni.

TísàJọ́gíráfì: Ọ̀ṣun ò lè ṣe é ní Òṣogbo láéláé. Ìlú wa ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 300 mítà, omi ò kúkú ń gun òkè. Èyí tó tún dùn mọ́ mi jù ni pé níbi tí Ọ̀ṣun ti ń wọ ọ̀sà Lẹ́kí gan-an, agbára òkun ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, torí ẹnu ọ̀nà tí òkun ń gbà wọ ọ̀sà Èkó wà lọ́hùn-ún nítòsí Apápá, kó tó la Ẹ̀pẹ́ kọjá ó ti rẹ̀ ẹ́, ìyẹn lomi Lẹ́kí ò ṣe níyọ̀. Odò Ògùn, tó ń gba apá Màjídùn wọ ọ̀sà, ní tiẹ̀ ò jìnnà sẹ́nu ọ̀nà yẹn, òkun ń tì í dáadáa. Ewé tí ẹ rí yẹn náà, iyọ̀ ló ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tójò bá wá ti iyọ̀ jáde á tún bo gbogbo ojú omi.

Ní Amẹ́ríkà, òkun ń ti odò Hudson dé ìlú Troy, bíi 240 kìlómítà sókè, torí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

ỌmọÒkèFíà: Ẹ ṣé gan-an sà. Kí ló wá ń mú omi Gbódòfọ́n kún tó fi ń wọlé àwọn èèyàn?

TísàJọ́gíráfì: Òjò ni jàre, pàápàá èyí tó rọ̀ lápá Èkìtì níbi tó ti ń ṣàn bọ̀. Pẹ̀lú ìdọ̀tí tẹ́ ẹ ń dà sí gọ́tà.